Ohun Tí Wọ́n Fi Sínú Orúnkún Wa

Eré ìje àwọn tíṣà ló ba orúnkún Eunice Ilésanmí jẹ́. Ọdún 1985 ni, lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Aramoko ń ṣe ìdíje eré ìdárayá. Àwọn ọmọ ti sáré tiwọn tán, wọ́n wá fi ariwo bọ̀ ọ́ pé àfi kí àwọn tíṣà náà sá. Eunice bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ká yẹ̀rì sókè díẹ̀, ó sì ti fi gbogbo wọn sẹ́yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún tó kó sí ihò kan nínú koríko. Ara rẹ̀ yí, orúnkún rẹ̀ kò bá a yí. Àwọn tó dúró nítòsí ní àwọn gbọ́ ìró rẹ̀, bí ìgbà tí igi gbígbẹ bá dá.

Ọdún kan gbáko ló fi ń tiro. Wọ́n fi òróró wọ́ ọ, wọ́n fi omi gbígbóná jó o, ó sì lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi Ìkògòsì títí ó fi sú u. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì sọ pé eegun kankan kò ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ bó bá dúró kọ ìlà mẹ́ta péré sára pátákó, orúnkún á wú bí búrẹ́dì. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ló ti sú u, ó kàn ń wá ọ̀nà láti jókòó ni.

Dókítà Ọlátúnjí ló kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ eegun ní ọsibítù ìjọ kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí Aramoko. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún náà mú, ó tẹ̀ ẹ́ síwá, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Mà, ṣé ẹ mọ eegun rírọ̀ funfun tó máa ń wà ní oríkèé ẹran, èyí tó ń dán, tí èèyàn máa ń rún lẹ́nu kàràkàrà? Irú rẹ̀ ló bo orí eegun tiyín níbi orúnkún. Ó ti ṣí kúrò níbì kan, bí ọ̀dà ṣe ń ṣí lára ògiri. Fọ́tò kì í rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kò sí nǹkan kan. Kì í sì í dédé hù padà."

Eunice bú sẹ́kún níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan ti sọ ọ́ jáde pé òun kò purọ́.

"Ṣé ẹ lè tún un ṣe?"

"A ó tún un ṣe," ni dókítà wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Eunice náà kò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní 1986. Oṣù mẹ́rin ló fi rọ̀ mọ́ ọ̀pá, ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà. Ó jẹ́rìí nínú ìjọ, ó jó débi pé ìyàwó pásítọ̀ ní kó rọra. Gbogbo Kérésìmesì ló ń gbé àkùkọ kan àti iṣu lọ fún Dókítà Ọlátúnjí, á sì kúnlẹ̀ kí i lórí orúnkún tí ó bá a tún ṣe. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọkùnrin náà tí Eunice kì í ti bá wọn yìn ín. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1989 fi dùn ún wọra.

Ọsibítù náà ń ṣe àjọ̀dún ogójì ọdún rẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n kọ ìwé pe Eunice pé kó wá jókòó pẹ̀lú àwọn tí ọsibítù ti ṣe lóore. Ó ra aṣọ tuntun. Nígbà tó dé, gbọ̀ngàn ti kún fún àwọn àlejò láti Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn, àwọn òyìnbó méjì sì wà níwájú. Wọ́n ta aṣọ funfun kan sára ògiri, wọ́n ti fèrèsé, Dókítà Ọlátúnjí sì dúró, ó ń fi ẹ̀rọ oníná gbé fọ́tò kan tẹ̀ lé òmíràn sára aṣọ náà, ó ń fi èdè òyìnbó ṣàlàyé.

Fọ́tò kẹrin jẹ́ orúnkún tí wọ́n là. Lábẹ́ ibi tí wọ́n là á sí, àpá ògbólógbòó kan wà tó tẹ̀ bí ìkọ́. Eunice wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọkọ́ bàbá rẹ̀ fi àpá yẹn sí i lára lóko, ní Iloro. Orúnkún òun fúnra rẹ̀ ló ń wò yìí, ó ṣí sílẹ̀ níwájú igba èèyàn, ohun dúdú kan tó fẹ̀ tó owó kọ́bọ̀ sì lẹ̀ mọ́ eegun funfun tó wà nínú rẹ̀.

Èdè òyìnbó kì í ṣe ìṣòro fún Eunice, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí dókítà ń sọ. Ó ní ohun dúdú náà jẹ́ fọ́nrán èédú tí wọ́n hun pọ̀ bí aṣọ, tí àwọn tó ṣe é fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí eegun rírọ̀ ti ṣí, kí ẹran ara tuntun lè hù gba inú rẹ̀. Ó ní èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dán irú rẹ̀ wò ní agbègbè náà, ẹni mẹ́fà ni wọ́n sì dán an wò lára wọn. Gbogbo wọn ni wọ́n ṣàlàyé fún, gbogbo wọn ló sì fọwọ́ sí i. Márùn-ún ń rìn dáadáa. Ẹni kẹfà kò tẹ̀ lé ìlànà, ó sì ti sá kúrò lọ́wọ́ ọsibítù, nítorí náà wọn kò kà á mọ́ wọn nínú ìròyìn iṣẹ́ náà tí ìwé àwọn dókítà kan lókè òkun fẹ́ gbé jáde.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ ni Eunice dìde.

"Dókítà, orúnkún mi nìyẹn," ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì dé gbogbo igun gbọ̀ngàn. "Ta lẹ ṣàlàyé fún?"

Alàgbà Bọ́lárìnwá, tí í ṣe alága ìgbìmọ̀ ọsibítù, yí ojú padà lórí àga rẹ̀ níwájú. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé ni, òun sì ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ Eunice ní ìwé nígbà tó wà ní kékeré.

"Eunice," ni bàbá náà wí jẹ́jẹ́, "jókòó, ọmọ mi. Àlejò wà níbí."

Ó jókòó. Ẹni tó kọ́ ọ níwèé ló ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun kankan mọ́ títí wọ́n fi gbàdúrà ìparí.

Dókítà Ọlátúnjí bá a níta lábẹ́ igi máńgòrò. "Màmá Rẹ̀mí, ẹ dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn."

"Kí ló wà nínú orúnkún mi?"

"Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ máa rìn ni."

"Mi ò bi yín léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tó jẹ́ ni mo bi yín."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Tí mo bá sọ fún yín nígbà náà pé èédú ni mo fẹ́ fi sí i, ẹ ì bá ti sá."

"Ẹ ì bá jẹ́ kí n sá!" Eunice kígbe. "Ṣé ẹsẹ̀ yín ni mo fẹ́ fi sá ni? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí yín. Ọdún mẹ́ta, ẹ sì ń gba adìẹ lọ́wọ́ mi, ẹ ò lè yanu!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ rẹ̀, Samuel, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, wá sílé bó ṣe máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ṣé ẹsẹ̀ náà ń dùn ọ́?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń wú?"

"Kò wú."

"Kí lo wá ń bá wọn jà sí, Màmá Rẹ̀mí? Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ì bá sanwó kí wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ fún wọn."

"Bàbá Rẹ̀mí, tí ẹ bá jí láàárọ̀ ọ̀la, tí ẹ rí àga tuntun kan nínú pálọ̀ yìí tí ẹ kò mọ ẹni tó gbé e wọlé, ṣé ẹ ó kàn jókòó sórí rẹ̀ ni?"

Samuel gbé awò ojú rẹ̀ padà sójú.

"Ẹ ó kọ́kọ́ béèrè bí onítọ̀hún ṣe ṣílẹ̀kùn. Ohun tí èmi náà ń béèrè nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, ó tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó sì padà sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ló ń tọ́jú fáìlì níbẹ̀. Eunice ti kọ́ àbúrò Bọ́sẹ̀ níwèé rí. Nígbà tí yàrá ṣófo, Bọ́sẹ̀ tilẹ̀kùn, ó sì fa fáìlì náà yọ.

"Màmá Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé èmi ni."

Ìwé kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní èdè òyìnbó: *Èmi, Eunice Ilésanmí, gbà pé wọ́n ti ṣàlàyé fún mi ní èdè tí mo gbọ́.* Níbi tó yẹ kí ó fọwọ́ sí, wọ́n tẹ àtàǹpàkò aláwọ̀ búlúù síbẹ̀.

Eunice wò ó títí. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn. Òun ni wọ́n fi àtàǹpàkò bá tẹ̀wé, bí ẹni tí kò mọ á yàtọ̀ sí b.

"Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?"

Bọ́sẹ̀ kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Àtàǹpàkò ló wà lára mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àpá tín-ín-rín kan sì dábùú àtàǹpàkò náà. Àpá yẹn wà lára ti àkọ́kọ́, ó wà lára ìkejì, ó wà lára gbogbo wọn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló tẹ̀wé fún èèyàn mẹ́fà.

Bọ́sẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí fáìlì wọ̀nyẹn ti wà lọ́wọ́ òun, òun kò fi wọ́n wé ara wọn rí. Eunice kò bá a wí. Ó ní kó ka àdírẹ́sì ẹni kẹfà fún òun, èyí tí wọ́n ní ó sá. Òjó Dúrótoyè ni, àgbẹ̀ kòkó, ní Erio.

Òjó kò sá lọ sí ibì kankan. Orí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni Eunice ti bá a, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú gbọnran bí igi. Orúnkún náà tóbi ju orí ọmọ lọ. Ìyàwó rẹ̀, Ẹ̀yínadé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ó ń sọ ẹrù kòkó kalẹ̀.

"Tíṣà, ulé ni mo jókòó sí láti ọdún méjì," ni Òjó wí. "Mo lọ síbẹ̀ nígbà mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní n kò ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Mo bi wọ́n pé kí lẹ ní kí n ṣe? Wọ́n ní kí n má lọ sóko. Ta ni yóò bá mi lọ? Ìgbà tí omi dúdú wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, mo jókòó jẹ́ẹ́ sílé."

"Omi dúdú?"

"Dúdú kirikiri, bí ìdí ìkòkò." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tíṣà, orúnkún ọmọ èèyàn kì í dédé sun omi dúdú. Gbogbo àdúgbò ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ṣe é sí mi."

Ẹ̀yínadé yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òun ló sọ ìyókù fún Eunice nígbà tó sìn ín jáde. Abíọ́dún ni Òjó sọ pé ó ṣe é, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan. Wọ́n ti ń jiyàn lórí ààlà oko kó tó di pé ẹsẹ̀ bàjẹ́. Òjó dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó na ìka sí àbúrò rẹ̀ níwájú ìjọ. Láti ọjọ́ náà, Abíọ́dún kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gba omi mu nílé Òjó mọ́, ògiri kan náà sì ni ilé méjèèjì jọ pín.

Eunice gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́bàá títì, lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kò tilẹ̀ rí takisí tó dúró fún un. Èédú! Fọ́nrán èédú tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú orúnkún ló ń sọ omi di dúdú. Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu dókítà ì bá ti jẹ́ kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣì máa jẹun nínú àwo kan. Wọn kò sọ gbólóhùn náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Òjó sá.

Ìgbìmọ̀ ọsibítù gbà láti rí i lọ́sẹ̀ kejì. Àwọn méje ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká, Alàgbà Bọ́lárìnwá wà láàárín, Dókítà Ọlátúnjí wà ní ìkángun. Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìwòsàn arábìnrin wa. Òmíràn ní ó yẹ kí a máa rántí oore. Eunice jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán. Ó dìde, ó lọ síwájú alága, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi?"

Ó ya bàbá lẹ́nu. "Èmi ni."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n kọ?"

"O mọ̀ ọ́n kọ dáadáa. Ọwọ́ rẹ wà lára èyí tó dára jù ní kíláàsì yẹn."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ àtàǹpàkò ló wà níbi orúkọ mi nínú fáìlì ọsibítù yín?"

Kò dárúkọ Bọ́sẹ̀. Ó kàn ní kí wọ́n kó fáìlì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá. Wọ́n kó wọn wá. Bàbá wọ awò ojú, ó wo ti àkọ́kọ́, ó wo ìkejì. Nígbà tó dé orí ìkẹta, ó dáwọ́ dúró, ó sì wo ìkángun tábìlì.

"Dókítà, àtàǹpàkò ta nìyí?"

Dókítà Ọlátúnjí ti fa ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Gbogbo wọn ló rí i.

"Tèmi ni, sà," ó wí. "Àwọn tó fi nǹkan náà ránṣẹ́ ń béèrè ìwé. Iṣẹ́ abẹ ti parí nígbà náà. Mo rò pé kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Sà, ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí lókè òkun. Ǹ bá ti dúró síbẹ̀. Mo padà wá síbí kí àwọn èèyàn wa náà lè rí ohun tuntun gbà."

"Kí wọ́n rí i gbà, àbí kí wọ́n fi dán an wò?" ni Eunice wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́sí, mo gbọ́. Dán an wò lẹ sọ. Nígbà tí ẹ wà níwájú àwọn òyìnbó, ẹ mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ọ̀dọ̀ wa nìkan ni kò ti ní orúkọ."

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, nítorí orúkọ ìjọ. Ó bi Eunice pé kí ni yóò gbà.

"Ẹ dìde, ẹ jókòó sórí àga," ni Alàgbà Bọ́lárìnwá sọ fún un kó tó dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí bàbá náà máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.

Eunice jókòó. Ó ní kí dókítà kọ̀wé sí àwọn tó fẹ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lókè òkun, kó sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó gbà, kó sì ka Òjó mọ́ àwọn mẹ́fà. Ó ní kí wọ́n gbé Òjó lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n yọ ohun náà kúrò lára rẹ̀. Ó tún ní kí dókítà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé ẹni kọ̀ọ̀kan, kó jókòó, kó sì fi Yorùbá sọ fún un ohun tó wà lára rẹ̀.

Wọ́n tètè gba ti Òjó. Lórí lẹ́tà náà, wọ́n fi í falẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Eunice sì ń lọ síbẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ajé títí akọ̀wé ọsibítù fi ń sá fún un. Ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà nítorí pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "àṣìṣe díẹ̀ wáyé." Wọ́n tún un kọ.

Erio ni dókítà kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó gbé Òjó lọ sí Ìbàdàn. Eunice bá a wọ ọkọ̀. Ẹ̀yínadé gbé àga fún wọn lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà Ọlátúnjí wo orúnkún Òjó, ó gbójú kúrò, ó tún padà wò ó. Ó sọ ọ́. Ó ní èédú tí wọ́n hun bí aṣọ ni òun tẹ̀ mọ́ eegun rẹ̀. Ó ní òun kò sọ fún un. Ó ní èédú náà ló ń rún díẹ̀díẹ̀ tó sì ń jáde pẹ̀lú omi, kò sí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun sí i.

Òjó ń wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúnkún náà.

"Ẹ má bínú, bàbá," ni dókítà wí, ó na ọwọ́.

Òjó kò wo ọwọ́ náà. Ó yí orí sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀yínadé, lọ pe Abíọ́dún."

Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó padà. Nígbà tó dé, Abíọ́dún wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó di àdá oko mọ́wọ́ torí kò ráyè gbé e sílẹ̀. Kò wọlé sábẹ́ òrùlé. Ó dúró nínú oòrùn, ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni.

Òjó gbá orí àpótí mú, ó fi agbára gbé ara rẹ̀ dìde lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀yínadé sáré láti dì í mú, Òjó ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Dókítà," ó wí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, "tún un sọ. Kó gbọ́. Pariwo rẹ̀, kí àdúgbò náà gbọ́."